Yanrìn bíríkìlà lẹ́yìn ilé ní Àkúrẹ́: kí la lè dà sí i kí ẹ̀fọ́ ṣe dáadáa?

Ará Ọba-Ilé
Ẹ kú iṣẹ́ o. Yanrìn táwọn bíríkìlà ṣẹ́kù ló kún ẹ̀yìn ilé, mítà 3 níbùú, mítà 4 lóòró. Omi kì í dúró níbẹ̀, ewédú pọ́n rúsúrúsú. Ṣé kí n da ìyẹ̀ pákó láti sọ́mìlì sí i, àbí ìgbẹ́ adìyẹ nìkan ti tó?

Àgbẹ̀ Ìjàpọ̀
Ẹ má ri ìyẹ̀ pákó tútù mọ́lẹ̀ rárá! Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ kó rà á fa náítírójìn ilẹ̀, oúnjẹ tó ń mú ewé tutù, mọ́ra, ewédú á tún pọ́n sí i. Ìgbẹ́ adìyẹ nìkan náà, òjò á fọ̀ ọ́ gba inú yanrìn lọ. Ohun tó ń gba omi dúró lẹ nílò. Ẹ tẹ́ ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa síbẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì fún mítà kan níbùú lóòró, 24 fún gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ kílò 1 kún mítà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọkọ́ pò ó wọlẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ bomi rin ín, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó má baà jó gbòǹgbò.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́
Ẹ má ra ajílẹ̀, nígbà tí èèpo kòkó pọ̀ ní Oǹdó wa báyìí. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dà á pọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, ìwọ̀n mẹ́ta sí ìgbẹ́ adìyẹ ìwọ̀n kan. Ibẹ̀ ni ìyẹ̀ pákó díẹ̀ ti wúlò. Bí òkìtì náà ò bá tó mítà 1 ní gíga àti fífẹ̀, kò ní gbóná. Ẹ máa yí i ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù, ẹ fi koríko gbígbẹ kún un. Tó bá fi máa tó oṣù mẹ́ta, á ti dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da eérú sí i: bí símẹ́ǹtì bá wà nínú yanrìn yẹn, eérú á bá a pa kíkan ilẹ̀ pátápátá, ewé á tún máa pọ́n.

Ará Ìjọ̀kà
Ẹ fọ́ òkìtì ọ̀gán kúnná, garawa kan fún mítà kọ̀ọ̀kan. Amọ̀ inú rẹ̀ kì í jẹrà bí ajílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbin ẹ̀wà, kí ẹ gé e sílẹ̀ nígbà tó bá ń tanná, kó jẹrà síbẹ̀. Ṣọkọ yòkòtò ṣì máa dúró ná, torí aràn tó ń ta kókó sí gbòǹgbò rẹ̀ fẹ́ràn ilẹ̀ yanrìn.

Ará Ọba-Ilé
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ti tó?

Àgbẹ̀ Ìjàpọ̀
Rárá o, ooru àti òjò wa ń jẹ ajílẹ̀ tán kíákíá. Kẹ́ẹ̀gì kan fún mítà kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí koríko gbígbẹ sì máa bo ilẹ̀ nígbà gbogbo.