Ohùn tó ń ka nọ́ńbà lórí rédíò lóru: ṣé kí n máa gbọ́ ọ lọ?

Olùgbọ́ Òru: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń yí ṣọ́ọ̀tì-wéèfù kiri lóru ni mo bá já lu obìnrin kan tó ń ka nọ́ńbà ní èdè Sípáníìṣì, márùn-ún márùn-ún. Bó bá kà díẹ̀, ariwo ẹ̀rọ á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò dárúkọ iléeṣẹ́ kankan. Ìyàwó mi ní kí n pa á, pé iṣẹ́ amí ni. Ṣé ewu wà níbẹ̀? Ṣé mo lè tú u?

Ẹ̀gbọ́n Eríàlì: Àbúrò, ìyàwó ẹ ò parọ́. Ó jọ HM01, orúkọ tí àwọn olùgbọ́ fi ń pe iléeṣẹ́ rédíò anọ́ńbà ti Kúbà. Ana Montes, òṣìṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun Amẹ́ríkà tí wọ́n mú ní 2001, nọ́ńbà orí rédíò báyìí ni Kúbà fi ń rán an níṣẹ́. Ní ti títú, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lo ojú ìwé tí wọ́n fi ń tú u, wọ́n á sì pa á run. Ẹni tí kò bá ní in lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà kankan ò lè gbà á.

Olùgbọ́ Òru: Kí wá lẹ ń gbádùn níbẹ̀, sà?

Ìyá Rédíò: Ìṣọ́ ni o! Ẹ kọ kílóhẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ àti aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, sílẹ̀. UTC ni mo wí o, kì í ṣe aago ara ògiri yín, kí ará ilẹ̀ mìíràn lè fi wé tirẹ̀. Lincolnshire Poacher, rédíò tó ń ka nọ́ńbà bíi èyí, tó dákẹ́ ní 2008, àwọn olùgbọ́ bíi tiwa ló tọpa rẹ̀ dé ibùdó àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Akrotiri, ní erékùṣù Kípírù. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin ibi tí ẹ ń gbé ná. Òfin Gẹ̀ẹ́sì, bí àpẹẹrẹ, kò fàyè gba kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ máa gbọ́ iṣẹ́ tí wọn ò rán sí i.

Ẹ̀gbọ́n Eríàlì: Òótọ́ ni. Gbìyànjú 4625 kHz náà, ti Rọ́ṣíà, tó ń kùn tọ̀sán-tòru. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọkùnrin kan máa ń já wọ inú ẹ̀ láti pe orúkọ àti nọ́ńbà. Alẹ́ ló ń dún dáadáa, torí lọ́sàn-án, oòrùn máa ń jẹ́ kí òfuurufú gbé ìgbì bẹ́ẹ̀ mì. Bí rédíò ẹ ò bá gbé e, Yunifásítì Twente ní Nẹ́dálándì gbé tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Yí i sí USB, ìyẹn ‘upper sideband’, ọ̀nà ìgbọ́ kan lórí rédíò, kì í ṣe ti wáyà kọ̀ǹpútà.