Mahavira kì í ṣe "olùdásílẹ̀"

Ẹ jọ̀ọ́, bá a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àwọn orúkọ oyè ẹ̀sìn Íńdíà, ẹ jẹ́ ká pa dà sórí gbólóhùn tí ọ̀gá wa kọ lánàá: "Gautama ló dá ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀, Mahavira ló dá ẹ̀sìn Jéènì sílẹ̀." Ó dùn-ún gbọ́ létí. Ìdajì rẹ̀ ni mo lè gbà.

Ìgbà kan náà làwọn méjèèjì wàásù ní agbègbè Bihar, ní Íńdíà, ó ti tó nǹkan bí 2,500 ọdún báyìí. Ọmọ ọlọ́lá ni wọ́n, àwọn méjèèjì ló sì filé sílẹ̀ nígbà tí wọ́n tó nǹkan bí ọmọ 30 ọdún. Gautama febi pa ara rẹ̀ títí, ó rí i pé kò lérè, ó jẹun, ó lọ jókòó sábẹ́ igi ní Bodh Gaya, níbi tó ti rí òye tó ń wá. Ní Sarnath ló ti kọ́ èèyàn márùn-ún àkọ́kọ́, ibẹ̀ nìjọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe ìyẹn ní olùdásílẹ̀, n ò ní janpata, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń ka àwọn Búdà mìíràn ṣáájú rẹ̀.

Mahavira ńkọ́? Àwọn ẹlẹ́sìn Jéènì fúnra wọn ló ní òun nìkẹrìnlélógún nínú àwọn olùkọ́ ńlá wọn. Parshva ló ṣáájú rẹ̀, ìwé wọn sì sọ pé ọmọlẹ́yìn Parshva làwọn òbí Mahavira. Ṣé èèyàn á wá dá ẹ̀sìn tó bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ni?

Tirthankara ni wọ́n ń pe àwọn mẹ́rìnlélógún yìí, ìyẹn ẹni tó la ìwọ́dò. Ìwọ́dò tí Jákọ́bù gbà kọjá Jábókù nínú Bíbélì ni mò ń wí. Ẹni tó dàgbà létí odò mọ̀ ọ́n: ẹnì kan á kọ́kọ́ ti ọ̀pá bọ omi, yóò máa tọ̀ ọ́ lọ, omi á dé orúnkún, á dé ìbàdí, á tún fà. Àwọn tó ru ẹrù á wá tẹ̀ lé e. Bí òjò ọdún kejì bá gbé iyanrìn ibẹ̀ lọ, ẹlòmíràn á tún un wá. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé onítọ̀hún ló dá odò. A ti ní "afinimọ̀nà" nílẹ̀, nítorí náà mo dábàá "afinimọ̀wọ́dò" fún Tirthankara ní Yorùbá. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀.

Ní ti Búdà, orúkọ oyè Gautama, "Ọ̀làjú" tí ẹnì kan mú wá láti fi túmọ̀ rẹ̀ kò bá a mu. Ọ̀làjú lẹni tó ti gbé ìlú ńlá. Ìjọ sì ti gba "àjíǹde" lọ́wọ́ wa. Jíjí lójú oorun ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, "Atají" sì tó o.

Jina, tí wọ́n ti fa orúkọ Jéènì yọ, ni "Aṣẹ́gun": ìbínú àti ojúkòkòrò ara ẹni lọ̀tá tó ṣẹ́. Àwọn kan fẹ́ "Jagunmólú". Ẹ̀sìn tí àwọn kan lára àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gbá iwájú ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n má baà tẹ èèrà pa? Jagunmólú wo ló ń gbálẹ̀ fún èèrà?