Hẹ́límẹ́ẹ̀tì mi ń yọ kọjá róòlù báà, báwo ni mo ṣe lè mú síìtì wálẹ̀?

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fọwọ́ ara mi ba mọ́tò mi jẹ́. Mazda MX-5 ti 2001 ni mo ní, èyí tí òrùlé ẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, wọ́n sì ti bá mi de róòlù báà, irin tó ń dáàbò bo orí tí ọkọ̀ bá dojú dé, sẹ́yìn síìtì. Mo ga o, mítà 1.88, ẹsẹ̀ mi ò sì gùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ni gbogbo gígùn yẹn wà. Ní Sátidé mo gbé e lọ sí tírákì, pápá tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré, fún ìgbà àkọ́kọ́, inú mi ń dùn ṣìnkìn, àfi bí ọkùnrin tó ń yẹ mọ́tò wò ṣe ní kí n wọlé jókòó, kí n dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, kí n de bẹ́líìtì. Ó mú ọ̀pá gbọọrọ kan, ó gbé ìdí ẹ̀ lé róòlù báà, ó fẹ́ gbé orí ẹ̀ lé férémù wíńdísíkírínì níwájú, ọ̀pá ò balẹ̀. Orí mi ló gbé e dúró 😩. Ó ní "bọ̀dá, tí ọkọ̀ yìí bá dojú dé, orí yín ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀". Bí mo ṣe padà sílé nìyẹn, mi ò wa kọ́nà kan ṣoṣo.

Mo wọ̀n ọ́n nílé, sẹ̀ǹtímítà 2 ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì fi yọ. Síìtì tó bá mọ́tò wá ni, iwájú àti ẹ̀yìn nìkan ló ń lọ, kò ní ohun téèyàn fi ń mú un gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀. Ẹnì kan ní kí n gé rélì ìdí ẹ̀ kí wẹ́dà jó o padà kó kúrú, òmíràn ní kí n ra síìtì eré ìje. Èwo ni kí n ṣe?

Bàbá Sípánà
Ọmọ mi, kú ewu. Oore ni ọkùnrin yẹn ṣe ẹ́. Tí mọ́tò tí kò lórùlé bá dojú dé, ibi méjì ló máa fi dúró, róòlù báà lẹ́yìn àti férémù wíńdísíkírínì níwájú, ohun tó bá yọ kọjá ìlà tó so méjèèjì pọ̀, ilẹ̀ ló máa gbà á. Férémù iwájú yẹn pàápàá lè tẹ̀, torí náà má ní kó ṣáà ti bọ́ sábẹ́ ọ̀pá díẹ̀ báyìí.

Kó o tó gé ohunkóhun, tún un wọ̀n. Gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, wọ bàtà tó o fi ń wa ọkọ̀, ti ìdí ẹ wọ kọ̀rọ̀ síìtì pátápátá, fa bẹ́líìtì kó le, kí ẹlòmíì di ọ̀pá mú. Àwọn kan wà tí wọ́n bá ti ń wọ̀n wọ́n báyìí wọ́n á nà gbọọrọ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, àwọn kan á sì sún ìdí síwájú kí orí lè kéré, ara wọn ni wọ́n ń tàn. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tírákì yẹn iye àlàfo tí wọ́n ń fẹ́. Nínú ìdíje SCCA, ẹgbẹ́ eré ìje mọ́tò kan l'Amẹ́ríkà, róòlù báà gbọ́dọ̀ fi ínṣì 2 ga ju hẹ́límẹ́ẹ̀tì lọ, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 5.

Tẹgáàsì
Dá ẹ̀yìn síìtì dùbúlẹ̀ díẹ̀ jàre, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Èmi báyìí bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo ṣe ń wa tèmi 😂

Màmá Gíà
@Tẹgáàsì o ń fi ẹ̀mí ẹ ṣeré o. Ìdùbúlẹ̀ díẹ̀ kò burú, bíi eyín kan tàbí méjì lára ohun tó ń dẹ ẹ̀yìn síìtì, ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀, bẹ́líìtì ìdí ò ní dúró lórí egungun ìbàdí mọ́, ikùn ló máa gùn lọ, tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ wàá yọ̀ gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, ìfun ló sì máa gba ìyà. Òmíràn tún ni pé bí ẹ̀yìn ṣe ń lọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ni orí ń sún mọ́ róòlù báà. Lọ́jọ́ tó ò bá dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, tó ò ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ lójú títì, tí ẹnì kan bá kọ lù ẹ́ látẹ̀yìn, irin yẹn ni wàá fi orí gbá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn dé ibi tí ọrùn ọwọ́ ẹ ṣì máa lè sinmi lórí sìtíárìn láìjẹ́ pé èjìká kúrò lára síìtì. Ibẹ̀ ni kó o dúró. Kó o sì fi fóòmù líle tí wọ́n ṣe fún róòlù báà wé irin yẹn, kì í ṣe tìmùtìmù rírọ̀ o, ìyẹn ò ràn án.

Oníkọ́nà
Arákùnrin, tìmùtìmù ìdí síìtì ni kó o gé! Ọ̀nà tí àwọn onímọ́tò yìí ti ń tọ̀ tipẹ́ nìyẹn, kò sì kan rélì kò kan bóòtù. Ohun tí mo ṣe rèé. Mo yọ bátìrì kúrò lórí kọ́kọ́, mo sún síìtì síwájú mo tú bóòtù méjì ẹ̀yìn, mo sún un sẹ́yìn mo tú méjì iwájú, sípánà 14 ni. Kó o tó gbé e jáde, tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan kó o wo abẹ́ ẹ̀, wáyà kékeré kan wà níbẹ̀ fún bẹ́líìtì, má fà á já. Mo wá dojú ẹ̀ dé orí tábìlì. Aṣọ síìtì yẹn, òrùka wáyà kéékèèké ni wọ́n fi so ó mọ́ ara irin, mo fi pílíásì gé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ mi ya lójú méjì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o. Tí aṣọ bá ti kúrò, wàá rí tìmùtìmù gbalaja níwájú ẹ, ó máa yà ẹ́ lẹ́nu bó ṣe nípọn tó lábẹ́ ìdí.

Mo jókòó lé e lórí, ẹnì kan bá mi fi máákà ya ibi tí ìdí mi wà. Láti abẹ́ ni mo ti gé e, kì í ṣe lójú òkè, kí ojú tí aṣọ máa sùn lé má baà rí jágajàga. Ọ̀bẹ eléyín gígùn tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì ni mo lò. Díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa gé e, bó o bá gé e tán gbé aṣọ lé e, jókòó, wọ̀n ọ́n, tún gé. Má fọwọ́ kan etí iwájú tó wà lábẹ́ itan àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òun ló ń mú ẹ dúró kó o má yọ̀ síwájú tó o bá tẹ búréèkì. Èmi ṣe ojú kòkòrò lọ́jọ́ náà, mo gé e títí, nígbà tí mo jókòó wáyà síìtì ń gún mi ní ìdí bí ẹni jókòó lórí àfọ́kù ìkòkò, mo padà lọ wá fóòmù pẹlẹbẹ tó le, tó nípọn tó ìka kan, mo lẹ̀ ẹ́ sí i. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 3 àti àbọ̀ ni mo rí.

Kékeré Ẹkùn
Fóòmù ń pẹ́ yín. Gé rélì, jó o padà, sẹ̀ǹtímítà 5 lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ ẹni tó ṣe é, kò sí nǹkan tó ṣe é.

Bàbá Sípánà
Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o! "Kò sí nǹkan tó ṣe é" torí pé kò tíì gbá nǹkan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹni kílò 80, tó ń sá kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan, tí mọ́tò dá a dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, agbára tó máa fa ohun tó dì í mú ju ìwọ̀n tọ́ọ̀nù kan lọ. 50 péré nìyẹn, eré tírákì kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ara síìtì gan-an ni ibi tí bẹ́líìtì ti ń kọ́ wà, torí náà ìwọ àti síìtì jọ ń fa rélì yẹn ni. Irin tí wọ́n ti fi iná jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó kì í le bíi tàtẹ̀yìnwá àfi tí ẹni tó jó o bá mọ irú irin tó ń jó. Èmi wẹ́dà ni mí, ọdún tí mo ti ń jó irin ju ogún lọ, mi ò ní jó rélì síìtì fún ọmọ bíbí inú mi.

Kékeré Ẹkùn
Ó dáa bàbá, mo gbọ́ 🙏

Jókòó Jẹ́ẹ́
Ẹ dákun, tèmi jẹ́ mọ́tò tuntun díẹ̀, ẹ̀rọ báagì afẹ́fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìtì. Ṣé mo lè gé fóòmù tèmi náà?

Màmá Gíà
Ṣọ́ra gan-an. Wáyà tí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jẹ́ yẹ́lò lábẹ́ síìtì, ti báagì yẹn ni. Pa mọ́tò, yọ bátìrì, dúró fún iye ìṣẹ́jú tí ìwé mọ́tò sọ, kó o tó fọwọ́ kàn án, má sì tan mọ́tò nígbà tí wáyà yẹn ò sí lójú ẹ̀, iná ìkìlọ̀ báagì á kàn tàn sí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò ní kú. Síìtì èrò ní ti ẹ̀ tún máa ń ní nǹkan pẹlẹbẹ kan nínú tìmùtìmù tó ń mọ̀ bóyá ẹnì kan jókòó, ìyẹn ò ṣeé fi ọ̀bẹ sún mọ́. Tí síìtì ẹ bá sì ní mọ́tọ̀ iná tó ń gbé e sókè, kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ o, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí ẹni tó wá bá mi láti gé síìtì tí kò mọ̀ pé ó ṣì ń sọ̀kalẹ̀.

Àgbàlá Ẹ́ńjìnnì
Ẹ má gbàgbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bákan náà lókè, ilé-iṣẹ́ mìíràn á fi ìkarahun ìta kan ṣoṣo ṣe sáìsì kékeré títí dé ńlá, fóòmù inú nìkan ni wọ́n ń yí padà, òmíràn á ṣe ìkarahun tó yàtọ̀ fún sáìsì kọ̀ọ̀kan. Yá ti ọ̀rẹ́ ẹ, dé e, wọ̀n ọ́n, wàá rí i pé ó lè yàtọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó ṣáà ní àmì ìdánwò Snell SA, bíi SA2020, ti mọ́tò nìyẹn, M jẹ́ ti ọ̀kadà, wọn ò dán M wò fún iná.

Tẹgáàsì
Àbí kó yọ fóòmù inú ẹ̀ díẹ̀?

Àgbàlá Ẹ́ńjìnnì
Tẹgáàsì, lọ sùn.

Adúláwọ̀ Tírákì
Ìwọ nìkan kọ́ ni gígùn ń yọ lẹ́nu o. Dan Gurney tó wa Ford GT40 ní Le Mans, eré ìje wákàtí 24 ní Faransé, lọ́dún 1967 ga kọjá mítà 1.9, bẹ́ẹ̀ 40 inú orúkọ mọ́tò yẹn ínṣì gíga ẹ̀ ni. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n yọ kókó sórí òrùlé, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa gba hẹ́límẹ́ẹ̀tì ẹ̀! Òun àti A.J. Foyt ló gba ipò kìíní lọ́dún náà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò lórùlé téèyàn máa yọ kókó sí ni.

Ní ti síìtì eré ìje, ó lè mú ẹ sọ̀kalẹ̀ ju fóòmù lọ, àmọ́ kò dájú. Èmi ra ọ̀kan, mo de síláídà, rélì tó ń jẹ́ kó lọ síwájú sẹ́yìn, sábẹ́ ẹ̀, mo de bíráákẹ́ẹ̀tì sórí síláídà, mo jókòó, mo wá ga ju tẹ́lẹ̀ lọ! Ìgbà tí mo yọ síláídà, tí mo so bíráákẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ mọ́ ilẹ̀ gbọnrangandan ló tó wálẹ̀. Wọn àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti òkè gíà kó o tó sanwó, MX-5 yẹn há. Bóòtù ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní 8.8 tàbí 10.9 tí wọ́n kọ sórí, àmì bó ṣe le tó nìyẹn. Wo àmì FIA, àjọ eré ìje mọ́tò àgbáyé, lára síìtì náà, 8855-1999 ọdún 5 ni wọ́n fún un, 8862-2009 ọdún 10.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́
Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bá yín ṣe é. Fóòmù ni màá kọ́kọ́ gé. Ìbéèrè kan ló kù, sìtíárìn mọ́tò yìí kì í gòkè kì í sọ̀kalẹ̀, ṣé mi ò ní wá máa wo ojú ọ̀nà láàárín ihò ẹ̀ báyìí?

Oníkọ́nà
Ìwọ tó o ga tó yẹn? Rárá. Itan ẹ gan-an á tún rí àyè lábẹ́ sìtíárìn. Àwọn kúkúrú bíi tèmi ló máa ń rí bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé. Ohun tó o máa kíyè sí ni aago eré, ó lè jẹ́ pé sìtíárìn á bo òkè ẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́
Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Mo ti gé e o, ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é nítorí mo ń bẹ̀rù. Fóòmù fún mi ní 3, mo dẹ ẹ̀yìn sẹ́yìn ní eyín kan, ìyẹn fún mi ní bíi 1, mo dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ mi, SA2020, ìyẹn náà fi bíi 1 rẹlẹ̀ ju tèmi lọ. Àbúrò mi obìnrin ló bá mi di ọ̀pá mú, ọ̀pá balẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, àlàfo 3 wà láàárín òun àti orí mi, láti òkè róòlù báà fúnra ẹ̀ ó lé ní 5. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tírákì, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Mo fi tọ́ọ̀kì sípánà di bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé iye tí ìwé mọ́tò sọ.

Àbúrò mi wá ní kí òun náà wọlé wò ó. Ó jókòó, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ṣé mo gbẹ́ kòtò sínú mọ́tò ni.

Tẹgáàsì
Sọ fún un kó mú ìrọ̀rí wá 🤣