Bọ́ńpá wo ni kí n fi síwájú Hilux tí mo fi ń lọ oko?

Ẹni tó béèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Hilux ọdún 2012 ni mo ní, onípẹtiróòlù 2.7, èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Oko kajú mi wà lẹ́yìn Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kùkùté kan tó fara pamọ́ sínú eèsún ya bọ́ńpá iwájú mi sí méjì. Ìgbà tó já ni mo tó rí i pé ike lásán ni, irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò fẹ́ ra ike mọ́. Ṣé kí wẹ́dà àdúgbò bá mi fi páìpù omi ṣe é ni, àbí kí n wá onírin tòkunbọ̀ tó ní àyè winch (ẹ̀rọ tó ń fi wáyà fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀) ní ọjà Ládípọ̀, l'Ékòó? Àwọn kan tún ní kí n ra alumíníọ́mù torí ó fúyẹ́. Màlúù máa ń gba títì kọjá lálẹ́ lọ́nà wa, ẹ̀rù tiwọn bà mí ju ti kùkùté lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Mẹkáníìkì, Ìbàdàn
Ẹ kú ewu o. Kí ẹ tó béèrè irú irin, ẹ béèrè ibi tí wọn yóò dè é mọ́. Bọ́ńpá gidi máa ń ní apá irin méjì tí wọ́n gé fún ọkọ̀ yẹn gan-an, nọ́ọ̀tì la sì fi ń dè é mọ́ ihò tó ti wà tẹ́lẹ̀ lára ṣásì, ìyẹn férémù irin tó gbé ọkọ̀ dúró. Wẹ́dà tó bá ní òun máa jó páìpù mọ́ ṣásì tààrà, ẹ má gbà fún un. Ibi tí iná wẹ́dìn bá dé kì í lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló sì ti máa ń sán.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé páìpù tó le koko tí kì í rún, ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan, gbogbo agbára rẹ̀ á gba inú ṣásì wá bá yín níjòókòó. Ike àti irin pẹlẹbẹ tí ẹ fojú kéré yẹn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n rún kí ẹ̀yin má bàa rún. Bí ọkọ̀ yín bá ní airbag, ìyẹn àpò tó máa ń wú lójijì láti dáàbò bo èèyàn bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ṣe bọ́ńpá náà fún ọkọ̀ tó ní airbag. Èyí tí kò bá a mu lè mú kí ó tú nígbà tí kò yẹ, tàbí kó má tètè tú nígbà tó yẹ.

Àgbẹ̀, Ṣakí
Mo ti lo páìpù wẹ́dà rí. Lọ́jọ́ tí ẹrẹ̀ gbé mi, ẹni tó wá fà mí jáde so okùn mọ́ ọn. Ojú ibi tí wọ́n jó já, páìpù bá okùn fò, ó fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ìkọ́ tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ ṣásì nìkan ni mo ń so okùn mọ́. Onírin tí igun rẹ̀ méjèèjì gbé sókè ni mo ń lò báyìí. Bí mo bá dé ẹsẹ̀ òkè, taya ló ń kọ́kọ́ kàn án.

Ẹni tó béèrè
Ha, ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Winch ńkọ́?

Mẹkáníìkì, Ìbàdàn
Owó ibẹ̀ kì í ṣe ti winch nìkan. Bọ́ńpá onírin lè wọn 60 sí 70 kílò, winch oníwáyà irin á tún fi bíi 40 lé e. Iwájú ẹsẹ̀ taya ni gbogbo rẹ̀ wà, nítorí náà ó ń tẹ sípírìngì iwájú ju bó ṣe wúwo lọ. Imú ọkọ̀ á wálẹ̀. Ẹ ka owó sípírìngì tó le sí i mọ́ owó winch kí ẹ tó pinnu. Ẹ wá èyí tó lè fa ìlọ́po kan àbọ̀ ìwúwo ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Hilux tó kún máa ń wọn bíi tọ́ọ̀nù 2.8, winch 9,500 pọ́ùn, ìyẹn bíi 4,300 kílò, á tó o.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn, Houston
Alumíníọ́mù ló wà níwájú Toyota Tacoma mi níbí. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, kì í dípẹtà. Ṣùgbọ́n bó bá sán, wẹ́dà tó ní gáàsì argon tó sì mọ̀ ọ́n jó lẹ máa wá. Ṣé ẹ ní irú rẹ̀ nítòsí? Bí kò bá sí, ẹ ra irin.

Ìyá oníkajú, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ má jẹ́ kí bọ́ńpá mú yín sáré lálẹ́ o. Ó lè gba rédíétọ̀ lọ́wọ́ màlúù, àmọ́ màlúù tó ga lè gun bọ́nẹ́ẹ̀tì wá bá gíláàsì. Àwọn ọmọ iléèwé náà sì ń gba títì yẹn kọjá, irin kì í ṣàánú ẹsẹ̀ ọmọ. Ẹ yan èyí tí ojú rẹ̀ dán, tí kò ní ṣóńṣó, tí kò sì dí ẹnu rédíétọ̀.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti pinnu: onírin, ìkọ́ méjì lára ṣásì, kò sí winch. Sátidé ni mo ń lọ sí Ládípọ̀.

Mẹkáníìkì, Ìbàdàn
Ẹ ya fọ́tò ihò ṣásì yín, kí ẹ sì mú téèpù ìwọnǹkan dání. Wọ́n á fẹ́ ta ti Hilux tuntun tó jáde láti 2015 fún yín, kò ní bá tiyín mu. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dè é lójú títì níbẹ̀. Ẹ gbé e wá sí Ìbàdàn.

Ẹni tó béèrè
Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Mọ́ńdè àárọ̀ ẹ máa rí mi.