Re: ìrẹ̀sílẹ̀ ọkọ̀: ọkọ̀ kò rẹ̀, ẹnì kan ló mú un lóṣòó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó.

Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń wo àríyànjiyàn wa lórí orúkọ Yorùbá tí a ó fún fífa ọkọ̀ wálẹ̀ kó sún mọ́ ilẹ̀, láì dá sí i, ṣùgbọ́n lẹ́tà àárọ̀ yìí ti lé mi jáde. Alàgbà tó ń kọ̀wé láti Ọ̀mù-Àrán ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní tí mẹkáníìkì bá fa píkọ́ọ̀pù wálẹ̀, tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, "ìrẹ̀sílẹ̀ ọkọ̀" ni ká máa pè é. Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò ní àmì ohùn kankan, "irẹsilẹ ọkọ" ni mo rí níbẹ̀. Abájọ tí màmá wa tó wà ní Ìgbàjà fi béèrè bóyá ìwàásù ìgbéyàwó ló kàn, pé bí ọkọ bá lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, àwọn fara mọ́ ọn pátápátá. A rẹ́rìn-ín. Alàgbà bínú, wọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí púpọ̀ nínú wa tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Òótọ́ ni, mo sì júbà. Ṣùgbọ́n iye ọdún tí a lò nídìí pátákó ìkọ̀wé kì í bá ni fi àmì sórí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣe "rẹ̀" gan-an ni ìjà mi. Iná àtùpà rẹ̀ sílẹ̀. Ìbínú rẹ̀ sílẹ̀. Owó epo rẹ̀ sílẹ̀ (àṣẹ!). Ta ló ṣe é? Kò sẹ́ni tó ṣe é, ohun náà ló lọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnì kan á ní "rẹ ara sílẹ̀" ń kọ́, ṣebí ẹni tó ṣe é wà níbẹ̀? Ó wà, nítorí pé "ara" jókòó sáàárín, òun ló sì gba ohùn ìsàlẹ̀ lórí "rẹ̀" tó fi di "rẹ". Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mọ èyí tipẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí olùṣe hàn, ìrẹra-ẹni-sílẹ̀ ni wọ́n sọ, wọn kò ṣe ọ̀lẹ. Bí ẹ bá wá yọ àbọ̀, ìyẹn "ara" tí ìṣe náà bá, kúrò tí ẹ lẹ ì- mọ́ ọn, ohun tó ṣẹ́ kù ni àìsàn. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì kan pé ọkọ̀ yín "rẹ̀ sílẹ̀", á ní "ọkọ̀ yín ti jókòó nìyẹn", bíi píkọ́ọ̀pù tó ti ń ru iṣu bọ̀ láti Kaiama títí sípíríǹgì rẹ̀ fi sú.

Ti àárọ̀ yìí ló burú jù: "ìrẹ̀sílẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀". Ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ nílé tiyín? Ẹ lọ sọ fún fọ́kanáísà ní Gẹ̀rí Alímì pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín ti rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó rí i tí á gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ jáde.

Àbúrò wa ní Tánkẹ mú "ìsọ̀kalẹ̀ ọkọ̀" wá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, ọmọ mi. Èrò ló ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ẹ gbọ́, mo dúró ti iṣẹ́ yìí fúnra mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ra píkọ́ọ̀pù kan, ó ní òun fẹ́ kó máa rọra fẹnu gbálẹ̀ nígboro Ìlọrin. Mo tẹ̀ lé e, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn láti àárọ̀. Lẹ́yìn ọkọ̀ náà, àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò léra ló gbé ara ọkọ̀ sókè. Orí axle, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n tú yúbóòtù, bóòtù tó tẹ̀ bíi U tó dè wọ́n mọ́ axle, wọ́n gbé àwọn irin náà sí abẹ́ rẹ̀, ara ọkọ̀ sì wálẹ̀ bí ínǹṣì márùn-ún. Ọ̀gá náà ní ká ní abẹ́ ni wọ́n ti wà látilẹ̀, irin gìdìgbà kan lòun ì bá kì bọ àárín àwọn irin náà àti axle. Wọ́n gé férémù díẹ̀ lókè ibẹ̀ kí axle má baà máa gbá a. Níwájú, ọ̀pá irin tó ń lọ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́ ló wà níbẹ̀, bóòtù rẹ̀ ni wọ́n dẹ̀. Ó ní ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn gé sípíríǹgì tó ká roboto fún wa láéláé, nítorí èyí tí wọ́n gé a máa le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún ní bí a kò bá ṣe aláìmẹ́ǹtì, ìyẹn títún táyà tò kó dúró déédéé, inú táyà nìkan ni yóò máa jẹ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti bíréèkì: nǹkan kékeré kan wà lẹ́yìn tó ń fi gíga ọkọ̀ wọn bí ẹrù ṣe wúwo tó, bí wọn kò bá tún un ṣe, á rò pé ẹrù ti kún ọkọ̀, á wá máa ki bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ jù.

Nínú gbogbo èyí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò kúrò níbi tó wà. Orúnkún ló ká. Kí ni Yorùbá ń pe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ ká, tó mọ̀ọ́mọ̀ fìdí sún mọ́lẹ̀? Ó lóṣòó.

Ọmọ Ọlálọ́mí ni mí, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Bàbá àgbà mi kì í jẹ́ ká nàró bí ọ̀pá ní ibi ìjàkadì, "ẹ lóṣòó, ẹ jẹ́ kí ara yín sún mọ́ ilẹ̀," kí wọ́n má baà gbé wa ṣánlẹ̀. Ohun kan náà ló ń mú píkọ́ọ̀pù tó wálẹ̀ dúró gbọn-in ní kọ́nà. Nítorí náà: mú ọkọ̀ lóṣòó, ìmọ́kọ̀lóṣòó, ọkọ̀ alóṣòó. Bí akérò àti akẹ́rù bá gba ojú ọ̀nà, alóṣòó náà á gbà á.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ inú wa ti ń rẹ́rìn-ín, pé alóṣòó jọ ọ̀rọ̀ ìgboro kan tí mi ò ní kọ síbí. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀! Bí etí yín kò bá gbọ́ òó yàtọ̀ sí ó, kí lẹ wá ń ṣe láàárín wa?

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò, tí wọ́n sọ irú ọkọ̀ yìí di àṣà ní California, kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Bajito y suavecito ni wọ́n ń wí ní èdè Sípéènì, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, jẹ́jẹ́. Àwọn tiwa náà ló sọ ọkọ̀ onípákó ní bọ̀lẹ̀kájà. Ẹnu ọ̀nà lọ̀rọ̀ náà ti jáde, kì í ṣe yàrá ìpàdé.

Kí n má purọ́, mo bi ọ̀gá mẹkáníìkì léèrè ohun tí wọ́n ń pè é. Ó ní, "Bàbá, 'fà á wálẹ̀' la máa ń sọ." Èmi ò rí àléébù nínú èyí náà, àmọ́ ẹ gbìyànjú kí ẹ fi í ṣe orúkọ, ẹ ó rí i bó ṣe máa há yín lẹ́nu. Ẹni tó bá ní èyí tó dára ju alóṣòó lọ kó mú un wá, pẹ̀lú àmì ohùn.

Ó kù díẹ̀: ẹni tó kọ ọ́ lánàá pé "ẹṣin leégún ilé, ọkọ̀ lorò ibẹ̀" ni wọ́n fi ń ki Ìlọrin, tó wá fi ìyẹn gbè sẹ́yìn alàgbà, ọ̀kọ̀ ni, ọ̀gbẹ́ni. Ọ̀kọ̀! Èyí tí wọ́n fi ń gún nǹkan.