Re: "Alkalinity" omi jàkúsì, àìkan kọ́, káún náà kọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ lórí ìwé àyẹ̀wò omi jàkúsì (ọpọ́n ìwẹ̀ olómi gbígbóná) tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Houston fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ total alkalinity 180 àti pH 7.4 sí, tí wọ́n ní ká bá àwọn wá Yorùbá tá a lè pe alkalinity torí dádì wọn fẹ́ mọ ohun tó wà nínú omi kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Brọ̀dá kan ní ká pè é ní "àìkan", àǹtí kan ní "ìwọ̀n káún". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Kíkan àti àìkan, pH nìyẹn. Omi tí pH ẹ̀ bá wà lábẹ́ 7 ti ń kan, èyí tó bá kọjá 7 ti ń lọ sápá ọ̀dọ̀ ọṣẹ àti eérú. Alkalinity ò sọ bí omi ṣe kan tó o, ohun tó ń sọ ni pé tá a bá da ásíìdì sí i, mélòó ló máa gbà mọ́ra kí pH ẹ̀ tó já wálẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò gan-an nìyẹn, wọ́n á bu omi díẹ̀ sínú ìgò kékeré, wọ́n á kán aró kan sí i, á di àwọ̀ ewé, wọ́n á wá máa kán ásíìdì sí i títí á fi pọ́n, iye ẹ̀kán yẹn ni wọ́n ń kà, nínú ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀kán kan dúró fún 10 ppm, ìyẹn mílígíráàmù 10 nínú lítà omi kan. Ìdí nìyẹn tí 180 àti 7.4 fi lè wà lórí ìwé kan náà láì tako ara wọn. 7.4 dáa, torí 7.2 sí 7.8 ni wọ́n ń fẹ́. 180 ló pọ̀ jù, 80 sí 120 ni wọ́n sábà ń fẹ́.

"Ìwọ̀n káún" sàn ju ìyẹn lọ, torí káún tó ń wá láti agbègbè adágún Chad, sódíọ̀mù kabọnéètì àti bàìkabọnéètì ló pọ̀ nínú ẹ̀, bàìkabọnéètì yìí náà ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ alkalinity. Àmọ́ ẹ wo ewu ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí àyẹ̀wò bá bọ́ sí 50, tá a bá kọ "káún kéré", káún ìdáná ni ẹlòmíì máa lọ lọ̀ sínú omi, pH á fò sókè, ìdọ̀tí ara káún á wọ fílítà, nígbà tó jẹ́ baking soda, ìyẹn bàìkabọnéètì nìkan, ni wọ́n ń lò, bíi gíráàmù 25 fún omi lítà 1,500 láti fi 10 kún un.

Èmi fọwọ́ sí "ìfaradà ásíìdì". Ẹnì kan lè ní èèyàn nìkan ló ń ní ìfaradà, rárá o, a máa ń sọ pé ìkòkò yìí fara da iná. Kí total alkalinity wá jẹ́ "àpapọ̀ ìfaradà ásíìdì", ẹ má sì yọ "àpapọ̀" yẹn, torí cyanuric acid, èròjà tí kì í jẹ́ kí oòrùn tètè ba klórínì apakòkòrò jẹ́, tó máa ń wà nínú àwọn klórínì kan, náà wà nínú kíkà ọ̀hún, tó bá jẹ́ 60 ló wà nínú omi, bíi 20 nínú 180 yẹn tiẹ̀ ni.

Tá a bá lò ó, àlàyé á rọrùn fún dádì. Tí ìfaradà bá kéré, pH ò ní dúró lójú kan, omi sì lè máa jẹ irin hítà. Tó bá pọ̀ bíi tiwọn yìí, afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú jàkúsì á máa lé carbon dioxide jáde, pH á máa gòkè, ìpẹ́pẹ́ funfun á lẹ̀ mọ́ hítà, omi á rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wọn fi ásíìdì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà fún jàkúsì sí i díẹ̀díẹ̀, kí pH wá sí bíi 7.2, kẹ́ ẹ ṣí ìdérí, kẹ́ ẹ tan afẹ́fẹ́ ẹ̀. pH á padà gòkè, ìfaradà ò ní bá a gòkè, ẹ tún un ṣe títí á fi bọ́ sí 120, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ̀ ọ́ títí tẹ́ ẹ fi máa yẹ̀ ẹ́ wò tán.