Ẹ gbà mí o, 62 ni mo kọ fáwọn tó fẹ́ fi iná sí ọ̀bẹ ìwẹ̀ mi

Ọmọ Àkúrẹ́, Leicester: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀bẹ tí mo ti ń fọwọ́ ara mi ṣe láti oṣù mẹ́ta, èyí tí màá máa dè mẹ́sẹ̀ wọ abẹ́ omi, 440C, irin tí kì í tètè dípẹtà, ni irin ẹ̀, mo ti gé e mo ti lọ̀ ọ́, mo wá fi ránṣẹ́ sáwọn tó máa bá mi fi iná sí i, wọ́n ní Rockwell mélòó, ìyẹn bí mo ṣe fẹ́ kí irin náà le tó, mo bá sáré kọ 62. Àárọ̀ ọ̀la ló ń wọná o! Ṣé mi ò ti ba iṣẹ́ jẹ́ báyìí?

Ọmọ Ìlàjẹ, Plymouth: Àbúrò, kọ̀wé sí wọn lálẹ́ yìí. 60 ni tèmi, mo kàn fi ṣóńṣó ẹ̀ wọ́ nǹkan tó há sára ọkọ̀ tó rì, ó dá pàkà. Ọ̀bẹ abẹ́ omi kì í ṣe ọ̀bẹ ẹran. 56 sí 58 ti tó.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kó sọ bí wọ́n ṣe máa débẹ̀ o. Èmi náà ní kí wọ́n jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀, wọ́n bá fi ooru tó ju 500 digírì Celsius lọ yan án padà. Nọ́ńbà yẹn wálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìwẹ̀ mẹ́ta péré ó ti dípẹtà. Chromium inú irin náà tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ iyọ̀ ti lọ so mọ́ carbon. Kó ní kí ooru yẹn má ju 200 lọ.

Ọmọ Ìlàjẹ, Plymouth: Ṣé ẹ fi omi tó dáa ṣàn án ṣá?

Ìyá Ìbejì, Houston: Mo ṣàn án! Mo tún nù ún, mo fi epo pa á. Iná ni, kì í ṣọwọ́ mi.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Birmingham: Ó lè jẹ́ iná, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ò dán an dáadáa, ibi tí kò bá dán niyọ̀ ń sá sí. Leicester, gé ṣóńṣó yẹn kó tẹ́ bíi ṣísẹ́lì kó má baà gún ẹ, ṣe eyín sápá kan fún okùn, kó o jẹ́ kí apá kejì mú lásán. Má lo àkọ̀ awọ. Àmọ́ òkun wo ló wà ní Leicester gan-an?

Ọmọ Àkúrẹ́, Leicester: Stoney Cove ńkọ́!

Ọmọ Ìlàjẹ, Plymouth: Kòtò tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kò níyọ̀ kankan 😂 Tó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan, spring mọ́tò gan-an tó ẹ. Máa bọ̀ ní Plymouth kó o wá rí òkun.

Ìyá Ìbejì, Houston: Òkun tẹ́ ẹ ń wọ aṣọ tó nípọn bíi mátírẹ́ẹ̀sì wọ̀? Ẹ wá sí Gulf níbí, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Birmingham: Leicester, ìsàlẹ̀ báàgì ìwẹ̀ ni kó máa wà títí wàá fi détí omi o, má gbé e rìn láàárín ìgboro. Ọlọ́pàá ò ní bi ẹ́ ní Rockwell.

Ọmọ Àkúrẹ́, Leicester: Mo ti kọ̀wé sí wọn, 58, kó má ju 200 digírì Celsius lọ.

Ọmọ Ìlàjẹ, Plymouth: Ẹ rántí àwọn tó ń rì wọ ọ̀sà l'Ékòó lọ wa yanrìn? Garawa lásán, kò sí agbá afẹ́fẹ́, kò sí nǹkan kan.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Birmingham: Bàbá bàbá mi ò béèrè nọ́ńbà rí. Àwọ̀ irin ló ń wò nínú iná, á ní kí n dá ẹwìrì dúró, á tì í bọmi, ṣàáàà.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ariwo omi yẹn. Ó ti tó ọdún 14 tí mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.